Ọdún Méjì Tí Mo Fi Kún Un

Àsíá ni mo ń nà lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń fẹ ẹ́síprẹ́ẹ̀sì Lẹ́kí. Pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ òsì. Bí katapílà bá fẹ́ kọjá, màá na pupa, gbogbo mọ́tò á dúró, àwọn dírẹ́bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. "Bàbá, ṣé o ti sùn lọ síbẹ̀ ni?" Mi ò kì í dáhùn. Iṣẹ́ tó bá ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà mu ni. Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà kì í pẹ́ nídìí àsíá. Mọ́tò gbá méjì nínú wọn níṣojú mi, lápá Jakande.

Ẹ má bínú, mi ò mọ̀wé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ìrágbìjí kí n tó wá ṣe lébìrà l'Ékòó. Bí mo bá sáré jù níbì kan, màá padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Ṣèyílọ́lá ni orúkọ rẹ̀, òun nìkan ni mo bí. Òun àti ọmọ òyìnbó kan, Mìlẹ́nà, ọmọ Sérbíà, tí wọ́n ń fi hàn lórí fóònù báyìí pé ó ń gbá tẹníìsì, tí orúkọ rẹ̀ sì ń lọ sókè. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ kan náà, lójú mi. Ibi tí ọ̀kan dé tí èkejì ò dé yẹn, èmi Akínbọ̀dé ni mo fà á. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pa á mọ́ sínú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tí mo bá là á, n kò ní ọmọ mọ́.

Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbí rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ní ayé á parí tí ọdún 2000 bá wọlé. Ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, kó lọ sí etí òkun l'Élékò láti gbàdúrà. Ìyàwó mi, Ọlábùnmí, bá wa lọ pẹ̀lú oyún tó ti tó bí. Ilẹ̀ mọ́, ayé ò parí. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kìíní, ìyá tó ń gbẹ̀bí fún ìjọ gba ọmọ náà sínú aṣọ funfun. Nítorí náà mo mọ ọdún tí wọ́n bí i. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ.

Ọlábùnmí kú nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta. Ibà ni. Ó ku èmi àti ọmọ. Ní àkókò yẹn ilé ni mo ń bá wọn kọ́ ní Abraham Adésànyà, mò ń ru bíríkì. Ọmọ náà á jókòó sórí yanrìn láti àárọ̀ títí. Lọ́jọ́ kan ọ̀pá irin gígùn kan já bọ́ láti òkè, ó kù díẹ̀ kó bà á. Ìyẹn ni mo fi gbé e lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n sì ń gbà.

Àǹtí Adétutù ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Kò sí ìwé ìbí lọ́wọ́ mi, wọ́n wá ní kí ọmọ náà gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kó fi kan etí òsì. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń mọ ọmọ tó ti tó ilé-ìwé. Ọwọ́ Ṣèyí kan etí, ó tún bo etí náà mọ́lẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dé àgbọ̀n.

"Háà! Ọwọ́ ọmọ yìí gùn o. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́fà ni, mà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá Ṣèyí, ṣé mẹ́fà ni, àbí ẹ fẹ́ kó jẹ́ mẹ́fà?"

"Mẹ́fà ni, mà."

"Ó dáa. Ẹ lọ búra sí i ní kọ́ọ̀tù, kí ẹ mú ìwé rẹ̀ wá fún mi."

Mo lọ. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú gbé Bíbélì lé mi lọ́wọ́, mo búra pé ọdún 1998 ni wọ́n bí ọmọ mi. Mo di Bíbélì náà mú títí ó fi gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kọ́ọ̀tù ti wọ̀ mí lára. Mi ò kì í gba iwájú ilé ẹjọ́ kọjá. Mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ kan wọ́n á ránṣẹ́ pè mí.

Ìgbà tí iṣẹ́ ẹ́síprẹ́ẹ̀sì dé, mo kúrò nídìí bíríkì, mo di alásíá. Àwọn ẹnjiníà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n wá láti Sérbíà, wọ́n ń gbé inú káńpù tí kò jìnnà sí Ajah. Ọ̀gá mi nínú wọn ni Ọ̀gá Góran, èèyàn gíga tó máa ń kí èèyàn kó tó pàṣẹ. Wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ pupa tó ṣẹ́kù lójú ọ̀nà ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbá tẹníìsì, wọ́n na nẹ́ẹ̀tì sí àárín rẹ̀, wọ́n fi ẹfun fa ìlà. Tẹ́rẹ̀n ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Àwa náà ń pè é ní tẹ́rẹ̀n. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì, ẹ máa rí i.

Tí a bá ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin, èmi ni mo ń bomi rin tẹ́rẹ̀n náà, mo sì ń wọ́ àpò lórí rẹ̀ kó lè tẹ́. Ṣèyí á ti ilé-ìwé bọ̀ wá bá mi. Ibẹ̀ ló ti rí Mìlẹ́nà, ọmọ Ọ̀gá Góran. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Mìlẹ́nà kéré, ó tín-ínrín, irun rẹ̀ dà bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì lágídí. Ó kó rákẹ́ẹ̀tì kan lé Ṣèyí lọ́wọ́ torí kò rí ẹni bá a gbá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mìlẹ́nà máa ń pariwo tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. "Ájídè!" Lédè wọn, ó dà bí ẹni ń sọ pé ó yá.

"Ta ni Ajídé?" Ṣèyí á bi í. "Gbogbo ìgbà lò ń pe Ajídé, kò sì wá gbà ẹ́."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀lù á fi yí lọ.

Ṣèyí ló máa ń nà án. Kí n má parọ́ sí i, ọmọ mi ò mọ òfin kankan, àmọ́ tó bá ju bọ́ọ̀lù sókè tó na ọwọ́ gígùn yẹn, Mìlẹ́nà kì í rí i kó tó kọjá lára rẹ̀. Mìlẹ́nà á ju rákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Á lọ jókòó lábẹ́ igi àgbọn, á sunkún, á nu imú, á dìde. "Lẹ́ẹ̀kan sí i," á wí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí òjò bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká lọ sílé. Mo dúró tì wọ́n ọdún méjì gbáko, mo mọ̀ pé ọmọ òyìnbó yẹn á di nǹkan. Mo mọ̀ pé tèmi náà á dì í.

Ní ọdún 2010, obìnrin kan wá láti Sérbíà, Màdáámù Zórica. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹníìsì ní ìlú wọn. Mìlẹ́nà ló wá wò, àmọ́ Ṣèyí ló ń wò. Ó di apá ọmọ mi mú, ó fi ìka wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó sọ nǹkan fún Ọ̀gá Góran. Ọ̀gá Góran yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Kàsímù, dírẹ́bà ọ̀gá, dá jíìpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá mi.

"Bàbá Ṣèyí, ẹ ti là o! Ọmọ yín ni wọ́n fẹ́. Wọ́n fẹ́ kó òun àti Mìlẹ́nà lọ sí ìlú wọn, kí wọ́n máa kàwé, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù. Àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ wo ìwé. Ẹ mú u wá sí kọ́ọ̀tù ní Sátidé, ní Oniru, aago mẹ́sàn-án."

"Kọ́ọ̀tù?"

"Kọ́ọ̀tù. Ẹ má gbàgbé ìwé ìbúra ọjọ́ orí rẹ̀ o. Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè. Ó wa jíìpù lọ.

Mo dúró sójú kan. Kọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ibi tí mo ti búra èké. Mo ní, ó ti tán. Wọ́n ti mọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé mo fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí ọmọ, ẹ̀wọ̀n ni, ta ni á sì tọ́jú ọmọ náà? Mo mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo le: ohun tí mo sọ lọ́jọ́ kìíní ni màá sọ. 1998. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu bí mo ṣe ń na àsíá. 1998, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo búra, sà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ sùtánà funfun mi kí Ọlọ́run lè dúró tì mí. Ìjọ wa kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi wọ Oniru. Nígbà tí a dé ibi tí Kàsímù júwe, mo rí nẹ́ẹ̀tì, mo rí ìlà funfun. Tẹ́rẹ̀n ni. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin kan jókòó sórí àga gíga bí adájọ́. Òmíràn tó de táì jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé ńlá àti òǹtẹ̀. Mo ní, wọ́n ti gbé kọ́ọ̀tù wá síbí. Àwọn ọmọ olówó wọ funfun, àwọn ìyá wọn wọ funfun, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," ọkùnrin onítáì wí. Ọmọ Yorùbá ni. Ó gba ìwé mi, ó kà á, ó bojú wo Ṣèyí, ó tún un kà. "Bàbá, ọmọ tí kò tíì pé méjìlá la ń gbà. Ìwé yìí sọ pé ọmọ yín ti pé méjìlá láti oṣù kìíní."

Mo ń wo òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì.

"Mo sì ń wò ó, kò jọ ọmọ ọdún méjìlá lójú mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ àṣìṣe ni, ẹ sọ fún mi. Mo lè kọ ọ́ pé ẹ ó mú ìwé mìíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn máa ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀."

Ìlẹ̀kùn ló ṣí fún mi. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé pàkúté ni. Mo ní bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn nìyẹn, wọ́n á fi ohùn jẹ́jẹ́ pè ọ́ kí o lè jẹ́wọ́.

"Kò sí àṣìṣe, sà. Mo búra sí i."

"Ó dá yín lójú?"

"1998, sà."

Ṣèyí fà mí láṣọ. "Bàbá, méjìlá ni mí na. Kí ló dé?" Ohun tó mọ̀ nìyẹn. Mi ò sọ òmíràn fún un rí, kó má baà tú àṣírí nílé-ìwé.

Ọkùnrin náà fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wà lórí ìlà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. "Àgbàyà! Ẹni ọdún méjìlá fẹ́ wá bá ọmọdé gbá." Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àgbàyà, àgbàyà. Mìlẹ́nà sáré wá, ó di tábìlì mú, ó ń sọ èdè wọn pẹ̀lú omijé. Màdáámù Zórica wo ìwé, ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó gbọn orí.

Mìlẹ́nà gbá lọ́jọ́ yẹn bí ẹni ń bínú. Ó na gbogbo wọn. Ṣèyí dúró sẹ́yìn wáyà, kò pàtẹ́wọ́, kò sunkún.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Ajah, mo bi í pé, "Adájọ́ wo ló jókòó sórí àga gíga yẹn?"

"Adájọ́ kẹ̀? Ẹni tó ń ka bọ́ọ̀lù ni."

"Kí ló dé tí wọ́n wá ní kọ́ọ̀tù?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Bàbá, kọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pe tẹ́rẹ̀n lédè Gẹ̀ẹ́sì."

Mo kọjú sí fèrèsé. Mo ń ka òpó iná títí a fi dé.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí o ò padà lọ? Màdáámù Zórica kò tíì lọ, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó wọ bàálù. Lọ́sẹ̀ yẹn, jíìpù Ọ̀gá Góran dúró níwájú àsíá pupa mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n kí mi. Kàsímù wà níbẹ̀ tó lè túmọ̀. Gbólóhùn kan ló kù. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ro ìbúra náà, mo ro ẹ̀wọ̀n, mo gbé aláwọ̀ ewé sókè, mo jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Mìlẹ́nà lọ. Iṣẹ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Àwọn ará Sérbíà palẹ̀ mọ́, wọ́n fi katapílà wó káńpù, ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n kọ́ sórí tẹ́rẹ̀n. Kàsímù ló máa ń mú ìròyìn Mìlẹ́nà wá fún wa, Ọ̀gá Góran ṣì ń kọ̀wé sí i. Ilé ìyá-ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jí nínú òtútù. Ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ó fọ́ ọrùn ọwọ́, ó fi ọwọ́ kejì gbá fún oṣù mẹ́ta. Ní mẹ́rìndínlógún ó pàdánù ìdíje mẹ́sàn-án léraléra. Ní mẹ́tàdínlógún ó gba ife kan nílùú kékeré kan ní Ítálì, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ṣèyí kò wọ ìdíje kankan láti ọjọ́ àgbàyà yẹn. Ó parí ìwé mẹ́wàá, ó lọ ń kọ́ ọmọ àwọn olówó ní tẹníìsì ní Oniru, ní wákàtí-wákàtí. Ó mọ̀ ọ́n kọ́. Kì í bá wọn ka àmì ẹni tó borí.

Ọ̀sán Sunday kan ni, lọ́dún 2019, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mìlẹ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹnì kan tó lórúkọ, gbogbo èèyàn ń sọ nípa rẹ̀. Ṣèyí gbé fóònù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bàbá, ẹ wá wò ó. Ó dárúkọ mi!"

Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ṣèyí ń túmọ̀ fún mi. "Wọ́n bi í pé ta ló kọ́kọ́ nà án. Ó ní ọmọ kan wà l'Ékòó, Ṣèyí, tó ń na òun lójoojúmọ́. Ó ní mo fi ọdún méjì ju òun lọ. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò wá ní, ìyẹn ò kà nígbà náà."

Mìlẹ́nà rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Ṣèyí náà rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ló sọ," ó wí. "Àgbà ni mo fi ń rẹ́ ẹ jẹ. Mo ti kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo wà nílé-ìwé, mo ní kó má bínú, pé ó yẹ kí n ti sọ ọjọ́ orí mi fún un. Ó ní òun ti gbàgbé."

Ọmọ mi tọrọ ìdáríjì. Mi ò mọ̀.

"Ìwọ ò jù ú lọ," mo wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ọdún 2000 ni wọ́n bí ẹ. Oṣù kìíní. Mo fi méjì kún un kí ilé-ìwé lè gbà ẹ́."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti ń gbàgbé nǹkan."

"Mi ò gbàgbé. Ì bá sàn kí n gbàgbé."

Ó pa fóònù. Ó ń fi ìka kà á lórí itan, bí ìgbà tó wà ní kékeré.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́jọ́ yẹn ní Oniru."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè mí ní àgbàyà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Mo dúró."

Mo gbàdúrà pé kó pariwo. Kò pariwo. "Ìlú wọn yẹn kọ́ ló dùn mí, Bàbá. Bóyá òtútù ibẹ̀ ni ì bá lé mi padà wálé. Mo nà án lóòótọ́. Ọmọ ọdún kan náà ni wá, mo sì ń nà án. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń tijú ohun tó yẹ kí n máa fi yangàn. Ẹ̀ ń wò mí."

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù àti ìbúra. Bí mo ṣe là á fún un, ó kéré lẹ́nu mi. Ó gbọ́ ọ tán, kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó wọlé, ó kó aṣọ sínú báàgì. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Ọlákẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Abraham Adésànyà.

"Ṣèyí, ṣé ò ń bínú sí mi ni?"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ọmọ ọdún mélòó ni mí."

Oṣù mẹ́rin rèé. Ó máa ń pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Sunday, ó ń béèrè bóyá mo ti jẹun, bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí. Kò gbàgbé rí. Àmọ́ kò pè mí ní Bàbá mọ́. "Ẹ káàsán, sà," ló ń wí, ohùn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, bí ẹni ń bá bàbá ọmọ tó ń kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà á dáhùn pé mo ti jẹun.